Omi Kò Wọ Ibí Rí

Ọjọ́ kẹta tí àlejò kan ti ń fi tépù wọn etí òkun ni aránṣọ wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti kọ ìtàn abúlé wọn sínú ìwé nóòtù mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bi àlejò yẹn ní ohun tó ń ṣe, ó ní wọn ò tíì fún òun láyè láti sọ. Ẹni tó ń bèèrè ìdí ilé, ilé ló fẹ́ gbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé àwọn ará ẹ̀yìn ọ̀sà. Wọ́n ní òkun fẹ́ gbé wọn lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀ báyìí."

Tíṣà wo ìlà omi lára ògiri. Kì í purọ́, kò sì ní ilé méjì.

Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì po ọ̀dà funfun, wọ́n fi kun ògiri pálọ̀, níbi tí omi ti fa ìlà dé ìbàdí ènìyàn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Aránṣọ kó ìwé nóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ aṣọ àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn náà ló lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ní kí oníkálukú pa ẹnu mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni àlejò dé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí wọn, ó jókòó. Òórùn ọ̀dà gba gbogbo yàrá.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn ibí. Ṣé òkun ti wọ̀lú rí?"

"Rárá."

"Mo gbọ́ pé òpópónà kan wà níwájú ilé yín tẹ́lẹ̀."

"Iyanrìn ló wà níbẹ̀ látayébáyé."

Ilé tí wọ́n bí tíṣà sí wà lábẹ́ omi lẹ́yìn iyanrìn náà.

"Ẹ fara balẹ̀ rántí, sà. Bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré."

Aránṣọ gbójú sókè nídìí maṣíìnì. "Wọ́n ti dá ọ lóhùn, ọmọ wa. Àbí o fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu fa omi wọlé ni?"

Àlejò tẹjú mọ́ tíṣà. Ó yọ kálámù, ó kọ ìlà kan, ó dúpẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ. "Ọgbọ́n la fi ń gbé ayé," ni aránṣọ wí. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè jẹun.

Lóṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ńlá mọ́kànlá tó kó òkúta gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kọjá láìdúró, nígbà tí tíṣà sì juwọ́ dá èyí tó kẹ́yìn dúró, tó bi awakọ̀ rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń lọ, ó ní, "Abúlé kejì ni, Bàbá, wọ́n fẹ́ mọ odi fún wọn kí òkun má baà gbé ilé wọn lọ, nítorí ẹni tí ìjọba rán wá wọn etí òkun ní àwọn ará ibẹ̀ nìkan ló sọ pé omi ti wọ ilé àwọn rí."