Àbẹ́là Tó Kúrò Lókè

Nígbà tí Lọ́yà Desanka Vukmirović wọ ṣọ́ọ̀ṣì, omi òjò ṣì ń kán lára agboòrùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ lòun yóò ti bá Màmá Stamena. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ìyá arúgbó náà ń wá tan àbẹ́là méjì, tí yóò sì jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi jó tán.

Àwo yanrìn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti òkè ni ti alààyè, ti ìsàlẹ̀ ni ti òkú. Ọmọdé ìlú yẹn pàápàá kì í ṣì í. Òkè ni àbẹ́là Màmá Stamena ti ń jó láti ọdún ogun tí wọ́n ti wá Ognjen, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tì. Ọ̀kan fún Ognjen. Èkejì, Desanka gbà pé tòun ni. Kò béèrè rí. Inú rẹ̀ kàn máa ń dùn sí i.

Ẹjọ́ Ognjen ló sọ Desanka di ẹni tí wọ́n mọ̀. Òun ló wá ìyá náà kàn, ìyá kọ́ ló wá a. Ẹlẹ́rìí méjì rí Radoš Kecman, ọlọ́pàá àdúgbò, tó ń fi ìbọn ti ọmọ náà lọ sétí odò. Wọ́n sì rí i tó padà wá lóun nìkan, ẹ̀wù òtútù ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní kóòtù, Radoš ò sọ gbólóhùn kan. Ó kàn wo Màmá Stamena lẹ́ẹ̀kan, ó sì mi orí sí i, jẹ́jẹ́. Desanka fò dìde: "Olúwa mi, ẹ wo bí ojú kò ṣe tì í!" Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ti Radoš náà bá a dákẹ́, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti pe Desanka láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹjọ́ yẹn ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Wọn ò rí òkú. Ognjen máa ń wá bá a lójú oorun, ara rẹ̀ tutù, kì í sọ̀rọ̀. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá hú egungun àwọn tí ogun pa, tí Desanka bá bẹ ìyá náà pé kó jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi wò ó bóyá ti ọmọ rẹ̀ ni, èsì kan náà ni: "Mi ò ní egungun nínú ilẹ̀, ọmọ mi." Desanka fẹ́ kó gbà, kó sunkún, kí àwọn méjèèjì lè sinmi.

"Lọ́yà!" ni Màmá Stamena kí i bó ṣe rí i. "O tún gbẹ ju ti ìjọ́sí lọ. Ṣé wọn ò se ọbẹ̀ mọ́ ní Belgrade ni?"

"Wọ́n ń sè é, Màmá. Èmi ni ò ráyè jẹ."

"Irọ́ ni. O ò rí ọkọ fẹ́, ló fà á."

Desanka rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó tì í. "Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Mo ní kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi. Radoš Kecman ti kú. Inú ẹ̀wọ̀n ló kú sí, lánàá."

Ìyá náà yíjú sí àbẹ́là rẹ̀. Ó ń wo iná.

"Ṣé ibẹ̀ ṣì tutù?" ó béèrè níkẹyìn.

Ìbéèrè tó bi í lọ́jọ́ ìdájọ́ nìyẹn: ṣé ẹ̀wọ̀n yẹn tutù? "Ó tutù gan-an, Màmá," ni Desanka sọ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tó bá ẹni tó fẹ́ràn gbẹ̀san. Ohun kan náà ló tún sọ báyìí.

Màmá Stamena dìde. Ó yọ ọ̀kan nínú àbẹ́là méjèèjì kúrò lókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì rì í mọ́ yanrìn ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, irú ẹkún tí Desanka ti ń retí láti ọdún yìí wá.

Omi bọ́ lójú Desanka náà. Ó gbá a mọ́ra. "Ẹ sun ún, Màmá. Ó tó gẹ́ẹ́. Ọlọ́run á fún Ognjen ní ìsinmi."

"Má gégùn-ún fọ́mọ mi," ni ìyá náà wí nínú ẹkún, "Ognjen wà ní Ọsirélíà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, torí pé ẹni tí wọ́n rán láti pa á ló gbé e kọjá odò, tó sì mú mi búra pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ̀sùn kan òun, kí n jẹ́ kí òun ru ẹ̀bi náà, kí àwọn tó rán òun má bàa wá ọmọ náà lọ; Radoš ni mò ń sunkún."