Àbẹ́là Tí Renzo Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má dá a dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni yẹn tó máa ń sọ pé, "Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀."

1.
Ta ni kò mọ Renzo Battaglin lórí òkè àwọn ọlọ́gbà àjàrà ní Kalifóníà? Wáìnì bíi ti Ítálì ni òun àti Silvio àbúrò rẹ̀ ń ṣe nínú ọgbà tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ornella ìyàwó rẹ̀ ló ń dáná. Bí ẹ bá ṣe ń wọlé báyìí, búrẹ́dì, wàràkàṣì àti sọ́séèjì ti dé iwájú yín. Renzo lawọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Àìsàn kan ṣoṣo ló ní: ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín.

Bàbá wọn fi òfin kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá fa wáìnì kúrò nínú àgbá ńlá tán, èèpo àjàrà á ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ẹnìkan á sì wọ inú rẹ̀ lọ fi ṣọ́bìrì kó o. Ṣùgbọ́n kó tó wọ̀ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi okùn sọ àbẹ́là títàn kalẹ̀ síbẹ̀. Bí iná yẹn bá kú, gáàsì tó ń jáde lára èèpo ti lé afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè mí tán níbẹ̀. Wọ́n á tan fáànù sí i, wọ́n á sì dúró.

2.
Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni, lásìkò ìkórè. Àlejò bí ogójì kún àgbàlá. Obìnrin kan tó ti mu ife mẹ́ta pariwo pé, "Ọ̀gá Renzo, ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ ń kó èèpo inú àgbá yẹn ni, àbí ẹnu lásán?"

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Renzo wọra. Ó gbé ṣọ́bìrì. "Ẹ gbé fóònù yín sókè, kí ẹ wòran!"

Silvio sáré bá a nídìí àkàbà àgbá ńlá náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò tíì sọ àbẹ́là kalẹ̀ o. Àárọ̀ yìí la fa wáìnì inú àgbá yìí."

"Àbẹ́là kẹ̀? Ọjọ́ ìbí ta là ń ṣe?"

Àwọn àlejò tún rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ n tan fáànù sí i. Wákàtí kan péré ni."

"Kí àlejò mi wá máa wo fáànù? Ojo ni ẹ́, jàre. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wọ ibẹ̀."

"Pẹ̀lú àbẹ́là ni, ẹ̀gbọ́n mi!"

Renzo ti gun àkàbà, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbá.

3.
Kò tíì dé ìsàlẹ̀ tí àyà rẹ̀ fi há. Ó fẹ́ padà sókè, ẹsẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ṣubú gbì. Níta, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ló ń ṣe.

Silvio nìkan ló mọ̀. "Ẹ pe panápaná!" Ó fa èémí sínú, ó gbé okùn, ó gun àkàbà. Ornella di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Silvio, dúró dè wọ́n! Mo bẹ̀ ọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀!"

Ó já ara rẹ̀ gbà, ó wọlé. Ó so okùn mọ́ Renzo láyà, àwọn àlejò sì fà á jáde. Wọ́n yára ju okùn padà fún Silvio. Wọ́n dúró, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó mú un.

4.
Ọjọ́ kejì ni Renzo lajú ní ọsibítù. "Silvio ń kọ́?" Omijé ń dà lójú Ornella bó ṣe ń sọ fún un pé Silvio ti kú. Renzo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ìyá wọn, Màmá Assunta, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ẹ ṣépè fún mi. Èmi ni mo pa á."

Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kí n ṣépè fún ọ, kó wá ku ta ni fún mi?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Kànga ni o, táńkì ni o, ihò yòówù kó jẹ́, ẹ má kó wọ ibi tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò. Bí ẹnìkan bá sì ṣubú síbẹ̀, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ ké sí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyìn àwọn tó máa lọ sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ sọ ilé yín di ahoro. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.