Ọjọ́ tí Ìyá Nandori Dáhùn

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bi Ìyá Nandori, òrìṣà tó ni odò, ní ìbéèrè nípa odò náà, Saruli ti wẹ̀ kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè. Ó gbé ìgò wàrà dání, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì tó wà létí omi. Oko kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ìrẹsì ló ń gbìn sí i, odò náà ló sì ń bomi rin ín. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná kan fẹ́ gbẹ́ ihò sábẹ́ òkè, kí wọ́n darí odò gba inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, òkúta gbígbẹ ni yóò kù níwájú tẹ́ńpìlì, àti níwájú oko Saruli.

Ó ti pẹ́ tí abúlé ti ń kọ̀. Níkẹyìn, Àwòrò Dayaram ní kí wọ́n bi ẹni tó ni odò. Ohun tí òrìṣà bá sọ, òun ni gbogbo wọn yóò tẹ̀ka sí. Saruli ló kọ́kọ́ gbà. Òrìṣà wo ni yóò ní kí wọ́n gbé odò òun lọ?

Bàtà búùtù tuntun méjì wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, bákan náà ni wọ́n rí. Ti Gabbar àti Pushkar ni, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń gbé ìtẹ́ tí ère Ìyá Nandori ń jókòó lé léjìká.

"Ẹ kú orí ire o," Bhaguli, aládùúgbò Saruli, wí fún wọn. "Ta ló ra bàtà fún yín?"

"Iléeṣẹ́ ni, Màmá. A ti di ọlọ́dẹ wọn."

"Ọlọ́dẹ kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè ṣọ́ Ìyá! Lọ́dún tó kọjá ńkọ́, tí ẹ jù ú sílẹ̀, tó fi imú gbá àpáta?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Gabbar ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ ló yọ̀," ó wí.

Ọ̀gá iléeṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Chadha, jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Òun ló mú aṣọ pupa wá, èyí tí wọ́n fi bo ìtẹ́ náà yí ká títí dé ìsàlẹ̀. Ó tún ti ṣèlérí òrùlé bàbà fún tẹ́ńpìlì.

Àwòrò pe olórí ilé kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun ò sí níbẹ̀. Tirlok alágbẹ̀dẹ fàdákà nìkan ni kò dáhùn.

"Ó ṣì wà nílùú ìsàlẹ̀," ẹnìkan wí. "Wọ́n ní òkè ya dí ọ̀nà."

"Ẹ jẹ́ ká dúró dè é," Saruli wí.

Chadha wo aago ọwọ́ rẹ̀. Àwòrò wo Chadha.

"Ṣé torí alágbẹ̀dẹ ni Ìyá yóò ṣe máa jókòó sínú oòrùn?" ó wí. "Ẹ gbé e."

Saruli bọ́ síwájú pẹ̀lú ìgò rẹ̀. "Baba, ẹ bá mi ká aṣọ yẹn sókè díẹ̀, kí n rí ojú rẹ̀."

"Ààwẹ̀ ló ń gbà. Tó bá dáhùn tán, wàá rí i."

"Wàrà yìí ńkọ́?"

"Gbé e wá."

Gabbar àti Pushkar gbé ìtẹ́, wọ́n sì sáré gun àtẹ̀gùn tó máa ń mú wọn sinmi lójú ọ̀nà.

"Ara Ìyá mà fúyẹ́ lónìí o," Bhaguli wí.

"Ẹni tí inú rẹ̀ dùn kì í wúwo," Àwòrò fèsì. Ó yíjú sí ìtẹ́. "Ìyá, tó o bá kọ̀, tẹ̀ sí odò. Tó o bá gbà, tẹ̀ sí àlejò."

Ariwo omi nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ìtẹ́ náà mì léjìká àwọn méjèèjì, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Chadha. Chadha ti tẹrí ba kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ tún un bi," Saruli wí.

"Ṣé Ìyá wá di adití ni?" Àwòrò wí.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún un bi. Ó tún tẹ̀ sí Chadha.

"Ìyá yìí fẹ́ràn ìlọsíwájú," Chadha wí. Wọ́n gbé tíì fún un. Wàrà inú rẹ̀ pọ̀.

Olórí ilé kọ̀ọ̀kan tẹ̀ka sínú ìwé iléeṣẹ́. Saruli ló kẹ́yìn. Ó dúró níwájú aṣọ pupa náà.

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, Ìyá, mo gbà," ó wí. Ó ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà. Ó wá yíjú sí Àwòrò. "Baba, mo fẹ́ rí i wàyí."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," Àwòrò wí. Wọ́n gbé ìtẹ́ wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Saruli gba orí afárá lọ sí oko rẹ̀, láti lọ ṣí omi sí ìrẹsì. Ibẹ̀ ló ti pàdé Tirlok, tó ń bọ̀ láìwọ bàtà, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, ó sì ru ẹrù kan tí wọ́n fi aṣọ funfun tó mọ́ tónítóní dì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn mí o," ó wí. "Ẹni ńlá ni mo rù."

"Ta ni?"

"Òkè tó ya ló dá wa dúró," Tirlok wí, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ká aṣọ kúrò lójú fàdákà Ìyá Nandori, tó ti wà ní ibi iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí imú rẹ̀ sì ti wá tọ́, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò tíì bi í?"