Ọjọ́ tí Aubin Jẹ Noẹ́lì

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó pe Carmen sí ẹnu ọ̀nà, ó ní bàbá rẹ̀ lè lo ọjọ́ mẹ́rin, ó lè lo márùn-ún, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Carmen dúpẹ́, ó sìn ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó padà wọlé wá jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ibùsùn.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Germain. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ Àgùdà ní katikísìmù ní Àjàṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti jáde kúrò nínú yàrá náà gbẹ̀yìn.

"Carmen," ó ní, "ó ku ọjọ́ mélòó kí Noẹ́lì pé?"

Carmen mọ ìdí tó fi ń béèrè. Ní Noẹ́lì, ìyẹn Kérésìmesì, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Aubin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di pásítọ̀ ní Adjarra, wọ pálọ̀ níṣojú àlejò, ó fa igi ọdún ya, ó sì fọ́ ọmọ Jésù alámọ̀ tí bàbá wọn tẹ́ sínú koríko. Ó ní ìbọ̀rìṣà ni gbogbo rẹ̀. Germain kò pariwo. Ó kàn fi Ọlọ́run búra pé òun kò ní gbé ọwọ́ ìbùkún lé Aubin lórí láéláé, àfi ọjọ́ tó bá jókòó nílé òun tó bá òun jẹ Noẹ́lì. Àwọn ará ilé rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni. Ọmọ kò wá, bàbá náà kò sì yí ohùn padà. Ẹ̀rù ń ba Carmen gan-an. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú láì súre fún, ibo ni yóò gbà?

"Ọ̀túnla ni, Bàbá."

Germain yí etí sí òjò tó ń rọ̀ lórí páànù.

"Ó dáa," ó ní. "Lọ pe Aubin wá."

Zẹ́míjàn, ọ̀kadà akérò, gbé Carmen lọ sí Adjarra nínú òjò. Nígbà tó fi máa débẹ̀, ẹrẹ̀ ti ta sí i láṣọ dé orúnkún. Aubin ń to àga nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó mi orí.

"Carmen, o mọ̀ pé n kò lè ṣe é. Oòrùn ni àwọn ará Róòmù ń bọ lọ́jọ́ yẹn kí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Igi yẹn ńkọ́? Àwọn tó ń bọ igi ló ni ín. Ohun tí mo ní kí ìjọ mi kó dànù, ṣé èmi náà ni kí n lọ jókòó tì í?"

"Bàbá ń kú lọ, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀." Ó gbé àga tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. "Ṣé o rò pé mò ń sùn ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run kó bá mi tú ìbúra yẹn."

Carmen kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń wàásù pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Kò sí nínú Bíbélì."

"Ó lè jẹ́ ọjọ́ kọ́jọ́?"

"Ọjọ́ kọ́jọ́."

"Ó lè jẹ́ ọ̀túnla?"

Aubin wò ó. Ó wo òjò lẹ́nu ọ̀nà, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Carmen gba ọjà Ouando kọjá, ó béèrè igi ọdún títí, àwọn onísọ̀ kàn ń wò ó ni. Ó padà délé, ó gun àjà, ó sọ igi tí Aubin fà ya lọ́jọ́sí kalẹ̀, ó fi okùn dì í. Ó wá lọ bá Safouratou, Ìmàle tí àgbàlá wọn jọ wà, pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá jó kaléta, ijó tí àwọn ọmọdé máa ń fi ìbòjú jó láti ilé dé ilé nígbà Kérésìmesì.

"Kaléta?" Safouratou wò ó lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Karimath. Nítorí Bàbá ni."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ilé ìwé ti padé, wọ́n wà nílé. Wọ́n á wá."

Nígbà tí ọ̀túnla pé, Carmen se ẹ̀wà àti ẹran bí ìyá wọn ti máa ń sè é. Safouratou gbé abọ́ àgbàdo sísè wá, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ní ọ̀sán, Aubin bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọdún mẹ́fà.

"Ọyẹ́ kò mú mi," ni Germain wí.

"Ọyẹ́ pẹ́ lọ́dún yìí, Bàbá," ni Carmen dáhùn kíá.

"N kò sì gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì."

"Atẹ́gùn ló ń gbé e lọ sórí ọ̀sà."

"Atẹ́gùn," ni bàbá wí. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn ọmọ Safouratou bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo nínú àgbàlá. Aubin fi ṣíbí fún bàbá rẹ̀ lẹ́wà, òun náà jẹ. Ó dá orin ìbí Jésù, ẹkún kò jẹ́ kó parí rẹ̀, Carmen ló bá a gbè é.

"Aubin," ni Germain wí, "ilé tí abọ̀rìṣà kọ́, bí Kristẹni bá rà á, tó gbá a mọ́, ṣé kò ní sùn nínú rẹ̀ ni?"

"Yóò sùn, Bàbá."

Germain wá ọwọ́ kiri lórí aṣọ ibùsùn títí ó fi kan orí ọmọ rẹ̀. Ó súre fún un pẹ́, ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó dárúkọ àwọn baba ńlá wọn tó ti Brazil bọ̀, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò nígbà tó ṣe àmín.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò jẹ Noẹ́lì nínú oṣù keje rí."