Ẹni Mẹ́ta Lórí Bẹ́ẹ̀dì Kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìka tì í kọjá. Ẹ kà á tán, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ọmọ tuntun wà nílé yín. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ ni mí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa fẹnu sọ ọ́, ni mo ṣe kọ ọ́.

1.
Oníbúrẹ́dì kan wà tó jẹ́ pé òru ló fi ń ṣiṣẹ́, àárọ̀ ló fi ń sùn. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí ọ̀kan bá ti dìde, èkejì á dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bímọ, ìyá ìyàwó ra bẹ́ẹ̀dì kékeré onígi fún ọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí aṣọ oníbàárà fi kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọbìnrin náà wá wọn, mo bi wọ́n pé, "Ibo lọmọ ń sùn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni. Aṣọ oníbàárà ló kún inú bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Àbí inú bẹ́ẹ̀dì onígi ni wọ́n ti tọ́ èmi náà ni, nọ́ọ̀sì?"

"Ẹ kó aṣọ yẹn kúrò, ẹ jọ̀ọ́."

"A ti gbọ́, mà," ni ìyàwó wí. Ẹ̀yin náà mọ irú "a ti gbọ́" yẹn.

2.
Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àìsùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Wákàtí méjì-méjì lọmọ ń jí. Ikọ́ tún mú bàbá. Ó rẹ̀ wọ́n débi pé wọn ò kí ara wọn mọ́. Bàbá á wọlé láìsọ "ẹ kúulé," ìyàwó ò ní sọ "ẹ káàbọ̀." Kì í ṣe pé wọ́n ń jà o. Ẹnu ló wúwo, wọn ò sì fẹ́ jí ọmọ.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó fún ọmọ lọ́yàn tán, ó tẹ́ ẹ sáàárín bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìrọ̀rí sọ́tùn-ún sósì rẹ̀ kó má baà jábọ́. Ó ti fa kọ́tìnì dí, kí ọkọ lè rí oorun sùn tó bá dé. Ó kọjá sí yàrá kejì, ó jókòó ti máṣínì.

Ọkọ dé. Ó ti mu oògùn ikọ́ tó máa ń mú oorun wá. Ìyàwó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Yóò rí i." Ọkọ gbọ́ ìró máṣínì, ó rò pé ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ṣubú lu bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn.

Ìyàwó rán apá aṣọ méjì kó tó wọlé wá fún ọmọ lọ́yàn. Ó ṣí kọ́tìnì.

"Bàbá ọmọ! Ẹ dìde! Ẹ dìde o!"

"Kí ló dé?"

"Ọmọ wà lábẹ́ yín!"

"Ọmọ wo? Ṣebí ó wà lọ́dọ̀ ẹ?"

Wọ́n sáré gbé e wá bá wa. Ọwọ́ mi ni mo fi gbà á. Kò sí ohun tí a ò ṣe. Ọmọ náà ti lọ.

4.
Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ sunkún. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún wa."

Mo ní, "Mi ò sọ ọ́ tó." Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ó rẹ̀ yín. Síbẹ̀, ibùsùn tirẹ̀ nínú yàrá yín ló dára jù fún ọmọ: kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má rọ̀ jù, kí ọmọ fẹ̀yìn lélẹ̀, kó kọjú sókè. Bó bá di dandan kó bá yín sùn, ẹ kó ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì jìnnà sí i. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àgbà. Ẹni tó mutí, tó ń fa sìgá, tó lo oògùn tó ń mú oorun wá, tàbí tí àárẹ̀ ti mú jù, kó má dùbúlẹ̀ tì í. Ẹ má sì gbé ọmọ sùn lórí àga onítìmùtìmù láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ dùbúlẹ̀, kó kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọmọ wà.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.