Ìwé Inú Ọ̀rá

Òǹkọ̀wé náà fa ìwé ìtàn tirẹ̀ yọ lórí pẹpẹ Frau Wiesinger, aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀rá ilé ìtẹ̀wé ṣì wé mọ́ ọn pinpin. Ní gbogbo ìlú Leipzig ní Jámánì, ìyá arúgbó yìí nìkan ló ní òun ti kà á.

"Màmá, ẹ ní ìparí ẹ̀ pa yín lẹ́kún. Ṣé láti ẹ̀yìn ọ̀rá lẹ ti kà á ni?"

"Èyí tó o fún mi nìyẹn, mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Èyí tí mo fowó ara mi rà ni mo kà."

Ìyá náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé òmíràn tó ti gbó kalẹ̀. Àtúnṣe bírò pupa kún etí gbogbo ojú ewé rẹ̀.

"Jókòó jàre. Ápù wo ló ń pọ́n lóṣù kẹta tó o kọ síbí yìí, nígbà tí òtútù ò tíì lọ?"

Òǹkọ̀wé náà yára fa àga sún mọ́ ọn, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀.