Ẹ̀gún Òòrẹ̀ Lójú Ọ̀nà Odò

Ààlọ́ mi kò rìn jìnnà, orí Òkété ló bà lé. Ó bímọ láàárọ̀, kò sì sí ẹ̀kán omi nílé tí yóò fi wẹ ọmọ. Ọjọ́ kẹta rèé tí Òòrẹ̀ ti ń ta ẹ̀gún ara rẹ̀ lu ẹni tó bá lọ sódò. Ó ní àfi kí wọ́n fi òun jọba. Ó ti pa Ìgalà.

"Ìyá Ìkókó, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ o!" ni Ehoro aládùúgbò rẹ̀ wí nígbà tó rí i tó ń múra odò.

"Bàbá Ehoro, ẹ̀gún mélòó ló kù lára Òòrẹ̀ ná?"

Òkété da odó dé ara, ó gbé kèrègbè, ó ń wọ́ lọ, ó ń kọrin. Àwọn ará ilé ń gbè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn:

Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún,
—Ta á ká rí i!
Ọ̀kan ò tó wa,
—Ta á ká rí i!

Inú bí Òòrẹ̀. Ó ń ta á, igi odó ló ń bà, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dán bíi ti adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́.

Ehoro yọjú. "Kábíyèsí, aṣọ dà?"

Òòrẹ̀ wọgbó.

Ọmọ Òkété ti ń rákòrò báyìí. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè kó tó pọnmi, ẹ̀gún Òòrẹ̀ sì ni àwọn obìnrin fi ń la irun.